Ta Ló Ń Yọ Iṣu Kúrò Nínú Iyán?

Òkun o, gbogbo ará Kàbà! Wọ́n tún ti gbé fíìmù The Count of Monte Cristo ti ọdún 2002 jáde, èyí tí wọ́n mú láti inú ìwé Alexandre Dumas, òǹkọ̀wé ará Faransé. Ó tó gẹ́ẹ́! Ta ló sọ fún wọn pé Dantès, akọni ìtàn náà tí wọ́n fi sẹ́wọ̀n láìṣẹ̀, ló bí ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń jẹ́ Albert? Nínú ìwé Dumas, Fernand, ọ̀tá Dantès, ni bàbá Albert! Haydée, ọmọ ọba tí Fernand da bàbá rẹ̀ nínú ìwé náà, dà nínú fíìmù yìí? Ọmọbìnrin yẹn ló tú àṣírí Fernand níwájú àwọn ìgbìmọ̀ aṣòfin, ìyàwó àti ọmọ kọ Fernand sílẹ̀, ló bá yìnbọn para rẹ̀. Nínú fíìmù, wọ́n yọ ẹlẹ́rìí yìí kúrò, idà ni wọ́n wá fi parí ẹjọ́! Ọdún 14 tí Dantès lò lẹ́wọ̀n nínú ìwé, ṣé torí ìjà idà ni? Bí a bá ń sunkún, à á máa ríran! Ọmọ Ìsánlú tí kò ka ìwé náà ńkọ́? Irọ́ ni yóò gbà gbọ́. Ẹ dá Haydée padà!