Kì í ṣe ìka tó ń sáré ló ń mú kí wọ́n máa pe oníbéèsì

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Mo tún gbọ́ ọ láìpẹ́ yìí lẹ́nu ẹlẹgbẹ́ mi kan tó yẹ kó mọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ béèsì, ìyẹn gìtá tó ń ta ìró ìsàlẹ̀, bi í léèrè ohun tóun lè ṣe kí àwọn ẹgbẹ́ eléré lè máa pe òun sí òde. Ó ní kó wá béèsì olókùn mẹ́fà rà, kó máa fi ìka sáré lórí rẹ̀ tọ̀sántòru, pé bí ayé bá ti rí i pé ọwọ́ rẹ̀ yá, iṣẹ́ á máa wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Irọ́ gbuu ni, ó sì ń ṣi àwọn ọmọ tó lẹ́bùn lọ́nà.

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta béèsì lẹ́yìn olórin oríṣiríṣi, èmi náà sì ni wọ́n sábà máa ń ní kí n wá ẹni tó máa dípò bí oníbéèsì kò bá lè wá. Ohun tí ọ̀gá ẹgbẹ́ máa ń bi mí kò yí padà: ṣé ó mọ àwọn orin náà? Ṣé ó máa ń bá ìlù lọ láìyẹsẹ̀? Ṣé ó máa ń tètè dé? Kò sí èyí tó bi mí rí bóyá ìka rẹ̀ ń sáré.

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí béèsì fúnra rẹ̀ sọ. Okùn tó nípọn jù lórí béèsì olókùn mẹ́rin, ìyẹn E, máa ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí orin bá ń lọ ní ìlù 120 láàárín ìṣẹ́jú kan, ààbọ̀ ìṣẹ́jú àáyá péré ló wà láàárín ìlù kan sí èkejì. Tí o bá wá gé ìlù kọ̀ọ̀kan sí mẹ́rin nítorí o fẹ́ sáré, okùn yẹn kò ní ráyè gbọ̀n ju bí ìgbà márùn-ún lọ kí o tó fò kúrò lórí rẹ̀. Etí kò tíì mọ ohun tó gbọ́, òmíràn ti gorí rẹ̀. Nínú gbọ̀ngàn ńlá tí ìró ti ń ta padà lára ògiri, gbogbo rẹ̀ á dà pọ̀ di rúdurùdu, olórin kò sì ní mọ kíì tó wà mọ́, ìyẹn ìró tí orin náà dúró lé.

Mo wà níbi ìdánrawò kan tí èyí ti ṣẹlẹ̀ lójú mi kòrókòró. Orin jẹ́jẹ́ ni. Ọmọ tí wọ́n fẹ́ dán wò mọ ọwọ́ lóòótọ́, àmọ́ gbogbo ibi tí olórin bá ti dánu dúró láti mí ló ń fi ìró kún. Nígbà tó yá, onílù gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà ìlù ńlá, torí kò mọ ibi tó máa tẹ̀ ẹ́ sí mọ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ ọmọ náà, wọ́n pe ẹni tó kàn. Ẹni kejì yìí ń ta ìró kan ṣoṣo pẹ̀lú ẹsẹ̀ onílù, bí igi onílù bá sì ti kan ìlù kékeré báyìí, á ti fi ọwọ́ òsì pa ìró yẹn pátápátá. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Olórin yíjú padà wò ó, ó rẹ́rìn-ín. Títí di òní, òun ni ẹgbẹ́ yẹn ń pè.

Àwọn tí iṣẹ́ wọn kárí ayé ńkọ́? James Jamerson, tó ta béèsì fún Motown, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ní Detroit, ìka ìfábẹ̀là kan ṣoṣo ló fi ń ta okùn, kì í sì í pààrọ̀ okùn àyàfi tó bá já. Carol Kaye, onígìtá ni. Lọ́dún 1963 ní Los Angeles, oníbéèsì kan kò yọjú síbi ìgbohùnsílẹ̀, wọ́n gbé béèsì fún un. Wọ́n ṣírò àwọn orin tó ti bá wọn ta béèsì sí nǹkan bí 10,000, torí ó mọ orin kà, ó sì máa ń tètè mọ ohun tí orin ń fẹ́. Donald “Duck” Dunn, oníbéèsì Stax, ilé iṣẹ́ tó ń gbé orin jáde ní Memphis, náà wà lára wọn, ẹni tí ìró tí kò ta ṣe pàtàkì bí èyí tó ta.

Wọ́n á ní fídíò àwọn tó ń sáré ni èrò ń wò. Àwọn tó ń wo fídíò kọ́ ló ń pe èèyàn síṣẹ́. Ó dáa, oníbéèsì Jaco Pastorius wọ ẹgbẹ́ jáàsì Weather Report lọ́dún 1976, ìka rẹ̀ sì ń fò. Àwọn ẹgbẹ́ kan wà tó jẹ́ ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn. Mélòó ni wọ́n?

Kí ọmọkùnrin tó béèrè ọ̀rọ̀ yẹn máa lo béèsì olókùn mẹ́rin tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kó kọ́ láti fi nọ́ńbà mọ kọ́ọ̀dù, ìyẹn àwọn ìró tí wọ́n ń ta pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kí ó lè bá olórin lọ sí kíì mìíràn lójú ẹsẹ̀ bí ohùn bá há. Kó gbọ́ àwọn orin náà délé kó tó lọ sí ìdánrawò. Kó máa gba ìró béèsì tó ń ta sílẹ̀ pẹ̀lú ẹ̀rọ tó ń ka ìlù, kó gbọ́ ibi tó ti ń sáré ju ìlù lọ. Lẹ́yìn náà, kó wá onílù kan tó ní sùúrù, kí àwọn méjèèjì máa lu orin kan náà fún odidi wákàtí kan láìfi ẹyọ ìró kan kún un.