Ta ló sọ fún yín pé kò sí olè nílùú òyìnbó?

Níbi ìkómọjáde kan ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù níbí, lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bu mọ́ínmọ́ín sẹ́nu ni mo gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n kan ń fi àbúrò wa kan lọ́kàn balẹ̀. Ọmọbìnrin náà ṣẹ̀ṣẹ̀ gba físà, ó fẹ́ lo ọjọ́ mẹ́wàá ní Paris àti Barcelona, ó sì ń béèrè bóyá kí òun ra báàgì pẹlẹbẹ tí wọ́n ń so mọ́ abẹ́ aṣọ. Ẹ̀gbọ́n bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé Òṣòdì lò ń lọ ni? Ìlú òyìnbó mà ni. Kámẹ́rà wà níbi gbogbo. Ta ló fẹ́ jí ẹ lówó níbẹ̀?" Gbogbo àwọn tó wà nídìí tábìlì ń mi orí bíi pé pásítọ̀ ń wàásù. Mọ́ínmọ́ín há mi lọ́fun.

Ọ̀rọ̀ yìí ti sú mi. Ìbàdàn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, lẹ́nu àwọn tí kò wọ ọkọ̀ òfúrufú rí: pé lókè òkun, èèyàn lè gbàgbé pọ́ọ̀sì sórí ìjókòó lónìí, kó padà wá lọ́la, kó bá a níbi tó fi í sí. Mo gbà á gbọ́ tọkàntọkàn. Ìgbàgbọ́ yẹn ná mi ní 210 yúrò, káàdì báǹkì méjì, àti fọ́tò ìyá mi kan tí mi ò ní irú rẹ̀ mọ́.

Barcelona ni. Kì í ṣe òru, kì í ṣe kọ̀rọ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán, oòrùn ń ta. Mo ti La Rambla bọ̀, títì ńlá tí àwọn àlejò máa ń rọ́ sí, mo sọ̀kalẹ̀ sí ibùdókọ̀ Liceu láti wọ ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀, ìlà L3, èyí tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewé. Pọ́ọ̀sì mi wà nínú àpò ṣòkòtò, lápá ọ̀tún. Àpò iwájú o, ẹ má ṣe ní mo fi í sí ìdí. Ọkọ̀ dé, ilẹ̀kùn ṣí. Obìnrin kan tó múra dáadáa, tó di máàpù ìlú mú lọ́wọ́, wọlé níwájú mi, ló bá dúró gbagidi sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó ṣìnà. Èmi náà ní láti dúró. Ẹnìkan tì mí lẹ́yìn, ó ní kí n má bínú. Ọkùnrin kan tó fi kóòtù kọ́ apá, kóòtù nínú ooru yẹn, na ọwọ́ kọjá níwájú mi láti di irin mú. Mo yẹ̀ fún un. Mo tilẹ̀ rẹ́rìn-ín músẹ́ sí i, nítorí wọ́n kọ́ mi nílé.

Bí ilẹ̀kùn ṣe fẹ́ pa dé báyìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bọ́ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ọkọ̀ gbéra. Ìyá àgbà kan tó jókòó lọ́ọ̀ọ́kán wò mí, ó tọ́ka sí àpò mi, ó sì mi orí. Mo fọwọ́ kàn án. Òfìfo. Gbogbo rẹ̀ kò ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá lọ, mi ò sì mọ ohunkóhun lára, bíi pé afẹ́fẹ́ ni ọwọ́ wọn. Kóòtù yẹn ni aṣọ ìkélé. Ọwọ́ tó ń ṣiṣẹ́ wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá tí mo lọ, mo bá èèyàn mọ́kànlá lórí ìlà: ará Kòríà, ará Brazil, tọkọtaya kan láti Ireland tí ìyàwó ń bá ọkọ jà ní ohùn ìsàlẹ̀. Ọlọ́pàá tó gbà mí lálejò kò béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́ ni: "Ọkọ̀ abẹ́ ilẹ̀ ni àbí La Rambla?" Bí ẹni tó ń béèrè bóyá àmàlà ni àbí iyán. Kí n tó dé hòtẹ́ẹ̀lì, wọ́n ti fi káàdì mi ra nǹkan lẹ́ẹ̀mẹta, iye kéékèèké tí ẹ̀rọ kì í béèrè nọ́ńbà àṣírí fún.

Ẹ sì mọ̀ pé iṣẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe. Lábẹ́ òfin Sípéènì, ẹni tó bá jí ohun tí kò tó 400 yúrò láìlo ipá, ẹ̀ṣẹ̀ kékeré ló ṣẹ̀, owó ìtanràn ló sì sábà máa ń san. Àwọn gbéwiri yẹn mọ iye náà bí wọ́n ṣe mọ orúkọ ara wọn. Ní 2022 ni ìjọba tún òfin náà ṣe nítorí àwọn tí wọ́n ń mú lónìí, tí wọ́n tún ń mú lọ́la. Ìlú tí kò sí olè kì í tún irú òfin bẹ́ẹ̀ ṣe.

Bí ẹ bá ní orí burúkú tèmi nìkan ni, ẹ jẹ́ ká lọ sí Paris. Ní 10 April 2013, àwọn èrò dé ẹnu ọ̀nà Louvre, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí àwòrán Mona Lisa wà, wọ́n bá a ní títì. Kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi. Àwọn òṣìṣẹ́ tó tó igba ló da iṣẹ́ sílẹ̀, nítorí àwọn tó ń yọ owó lápò àlejò nínú ilé náà. Ọ̀pọ̀ wọn jẹ́ ọmọdé, ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kì í sì í sanwó wọlé níbẹ̀. Wọ́n ń wọlé lọ́fẹ̀ẹ́, wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní ẹgbẹẹgbẹ́, òṣìṣẹ́ tó bá sì lé wọn, wọ́n á bú u, wọ́n á halẹ̀ mọ́ ọn. Odindi Louvre tilẹ̀kùn nítorí jàgùdà! Ó di ìgbà tí wọ́n ṣèlérí ọlọ́pàá sí i kí wọ́n tó ṣí i lọ́jọ́ kejì. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 22 May 2015, ó kan ilé gogoro Eiffel. Àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ náà fi iṣẹ́ sílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ wákàtí nítorí ohun kan náà, àlejò tó ti ilẹ̀ jíjìn wá dúró sísàlẹ̀, wọ́n ń wòkè.

Ká wá bọ́ sórí kámẹ́rà tí gbogbo yín fi ń búra. Kámẹ́rà kì í di ọwọ́ olè mú, àwòrán ló ń yà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú, 19 October 2025, àwọn olè gbé àkàbà ẹlẹ́rọ wá sí ẹ̀gbẹ́ Louvre kan náà yìí, wọ́n gba ojú fèrèsé wọlé, wọ́n kó ohun ọ̀ṣọ́ àwọn ọba Faransé tí wọ́n ní iye rẹ̀ tó mílíọ̀nù 88 yúrò, wọ́n sì gun alùpùpù lọ. Alákòóso ilé náà fúnra rẹ̀ ló lọ sọ fún àwọn aṣòfin pé kámẹ́rà kan ṣoṣo tó wà lára ògiri ìta lápá ibẹ̀ kọjú síbòmíràn. Ohun ọ̀ṣọ́ ọba mà ni o. Pọ́ọ̀sì tìẹ wá ńkọ́?

Ẹ má sì jẹ́ ká fi Lọ́ńdọ̀nù tí à ń jẹun nínú rẹ̀ sílẹ̀. Fóònù tí ọlọ́pàá ìlú yìí kọ sílẹ̀ pé wọ́n jí ní 2020 jẹ́ 28,609. Ní 2024, ó di 80,588. Iye tí àwọn èèyàn lọ fi sùn nìyẹn, ọ̀pọ̀ kì í sì í fẹjọ́ sùn rárá. Ọmọkùnrin kan lórí kẹ̀kẹ́ oníná, ojú bíbò, á gba ẹ̀bá títì kọjá, fóònù tí o gbé sókè láti wo ọ̀nà á di tirẹ̀. Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀ ni mo rí èyí tó ṣẹlẹ̀ sí obìnrin kan nítòsí King's Cross. Ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà lókè, bí ẹni tó ń di fóònù mú, lẹ́yìn tí kẹ̀kẹ́ ti yí kọ́nà. Ibi tí àwọn fóònù wọ̀nyí ń lọ jìnnà: ní Kérésì 2024, ẹnìkan tọ ipa fóònù tirẹ̀ dé ilé ìkẹ́rù kan nítòsí pápákọ̀ òfúrufú Heathrow, wọ́n sì bá a nínú àpótí kan pẹ̀lú nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan mìíràn. Ìwádìí tí ọlọ́pàá bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ló gbé wọn dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ tí wọ́n fura sí pé ó ti kó fóònù tó tó 40,000 ránṣẹ́ sí Ṣáínà.

Àwọn kan á ní, "Ogún ọdún ni mo ti ń gbé níbí, ẹnikẹ́ni ò jí mi ní nǹkan rí." Ẹ kú oríire. Ẹ̀yin ń ti Croydon lọ síbi iṣẹ́, ẹ sì ń padà sí Croydon. Kí ni gbéwiri fẹ́ fi ẹni tó ń ti iṣẹ́ alẹ́ bọ̀ ṣe? Ẹni tó ń gbé ojú sókè wo ilé àràmàǹdà ló ń wá. Àwọn baba wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé àlejò lójú, kò fi ríran. Àwọn mìíràn á ní àjèjì tó pọ̀ sí i ló kó olè wọ̀lú. Ẹ gbọ́: títí di 1808, ikú ni ìdájọ́ ẹni tó bá yọ ohun tó ju ṣílè kan lọ lápò èèyàn ní England. Àwa kọ́ ni wọ́n ń so rọ̀ nígbà yẹn.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń lò kò pọ̀, ó kàn dùn ún wò ni. Lórí òkè tí ìjọ Sacré-Cœur wà ní Paris, ẹnìkan á fẹ́ so òwú aláràbarà mọ́ ọ lọ́wọ́. Èyí tó dá mi dúró tiẹ̀ pè mí ní arákùnrin rẹ̀, ó béèrè ilé, ó béèrè ọmọ, mo ti ń na ọwọ́ kí ojú mi tó là. Ẹlòmíràn á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ, á ní òun rí òrùka wúrà, ṣé tìẹ ni? Ní Róòmù, bọ́ọ̀sì 64 tó ń ti ibùdókọ̀ ojú irin Termini lọ sí ìhà ìjọ Pétérù Mímọ́, àti ní Lisbon, tíráàmù 28: àwọn aráàlú fúnra wọn á ní kí o di báàgì rẹ mú. Ẹni tó bá sì ní ọlọ́pàá abẹ́lẹ̀ lòun, kí o mú owó rẹ wá kí òun yẹ̀ ẹ́ wò, olè ni. Má ṣe bá a jiyàn, wọ ilé ìtajà tó bá sún mọ́ ọ, kí o ní kí wọ́n pe 112. Nọ́ńbà yẹn ń lọ ní gbogbo orílẹ̀-èdè Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ó dáa, mo gbà: ìbọn kò wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn, mo sì ti fẹsẹ̀ rìn ní aago kan òru ní Barcelona yẹn náà, ẹnikẹ́ni ò wí nǹkan kan fún mi. Bóyá èyí ni àwọn èèyàn ń rí tí wọ́n fi ń sọ pé kò sí olè. Ìwà ipá ni kò wọ́pọ̀. Olè ńkọ́? Ó wà níbi tí iná ti mọ́lẹ̀ jù, tí èrò ti pọ̀ jù, tí ọkàn rẹ ti balẹ̀ jù.

Ohun tó ń dùn mí nínú ọ̀rọ̀ wa ni pé kò sẹ́ni tó mọ ọ̀nà àbáyọ tó wa. Ẹni tó bá wọ danfo l'Óṣòdì, ta ló kọ́ ọ kó kó báàgì sáyà? Ta ló ní kó pín owó sọ́nà mẹ́ta, kó ki fóònù bọ inú, kó má jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó ṣí? Ẹni yẹn náà ló máa dé Gare du Nord, ibùdókọ̀ ojú irin ńlá ní Paris, tí yóò gbé báàgì sẹ́yìn, síìpù ní ṣíṣí, tí yóò fi fóònù sórí tábìlì níta, tí yóò máa jẹ búrẹ́dì. Nígbà tó sì jẹ́ pé páásípọ́ọ̀tù wa ni èyí tó ṣòro jù láti tún gbà. Bí wọ́n bá jí tìẹ ní Barcelona, Madrid ni ẹ́ḿbásì Nàìjíríà wà, ó lé ní 600 kìlómítà lójú títì. Ìwé pàjáwìrì tí wọ́n máa fún ọ, ilé ló ń gbé ọ lọ, kì í ṣe ibi tí o ti wá ṣiṣẹ́. Tọkọtaya ará Ireland tí mo bá lórí ìlà yẹn sunkún owó nìkan ni.

Àbúrò wa ra báàgì abẹ́ aṣọ náà. Èmi ni mo fúngun mọ́ ọn, ẹ̀gbọ́n kò sì bá mi sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi pín sùfúníà. Ọjọ́rú ló wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Paris, alẹ́ ọjọ́ náà ló pè mí. Ó ní òun kò tíì jáde ní Gare du Nord tán tí ọmọbìnrin méjì fi dé bá òun pẹ̀lú pátákó ìwé àti gègé, pé kí òun wá fọwọ́ sí i fún àwọn adití. Wọ́n kọ́kọ́ bi í bóyá ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ó kó báàgì sáyà, ó ní, "Ẹ má bínú o, mi ò gbọ́ nǹkan kan, Ìjẹ̀bú ni mí."

Wọ́n wo ara wọn lójú, wọ́n sì kọjá sọ́dọ̀ ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, tó gbé fóònù sókè, tó ń wá ọ̀nà hòtẹ́ẹ̀lì.