Èsì wa sí Dókítà tó fún ògùn omi àga eyín ní ìràwọ̀ kan

Ẹ kú iṣẹ́ o, Dókítà. A ti ka ohun tí ẹ kọ: pé ẹ ra hóró ògùn tí wọ́n ń jù sínú bọ́tìlì omi àga eyín, àga tí aláìsàn ń jókòó sí fún ìtọ́jú eyín, lọ́wọ́ wa, pé píọ̀ wọ́tà lẹ rọ sínú bọ́tìlì náà, síbẹ̀ nǹkan dúdú wínníwínní ń bá omi jáde. Ẹ ní ayédèrú ni, kí a dá owó yín padà. A fẹ́ fèsì níbí ni, torí àwọn dókítà eyín mìíràn náà ń kà á.

Ògùn náà kì í ṣe ayédèrú. Iṣẹ́ tí ẹ gbé fún un ni kì í ṣe tiẹ̀. Omi tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀ ni hóró yẹn ń tọ́jú kó má bàjẹ́. Kò lè ká ohun tó ti lẹ̀ mọ́ inú rọ́bà tipẹ́. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ sì kọ ọ́ pé tòkunbọ̀ ni àga náà. Àga tó wọkọ̀ òkun, tó tún jókòó sí ṣọ́ọ̀bù kí ẹ tó rà á, omi tó ṣẹ́kù sínú rọ́bà rẹ̀ kò ríbi ṣàn lọ ní gbogbo ìgbà yẹn.

Ẹ wo rọ́bà tó ń gbé omi lọ sí hándípíìsì, irinṣẹ́ ọwọ́ tí ẹ fi ń gbẹ́ eyín: kò fẹ̀ ju èyí tí wọ́n ń rọ yíǹkì sí nínú bíírò lọ. Bí omi tilẹ̀ ń sáré láàárín rẹ̀, èyí tó fara kan ògiri rọ́bà fẹ́rẹ̀ẹ́ má mira. Ibẹ̀ ni bakitéríà ń lẹ̀ mọ́, tí wọ́n ń fi nǹkan yíyọ̀ bora, fọ́ńgọ́ọ̀sì á sì wá bá wọn gbé. Fọ́ńgọ́ọ̀sì tó ń jẹ́ Candida lè ti ẹnu aláìsàn wọlé bí hándípíìsì bá fa omi padà nígbà tí ẹ gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí pẹ́dà. Ti Aspergillus, inú afẹ́fẹ́ ló ti ń bọ́ sínú bọ́tìlì tí wọ́n ṣí sílẹ̀. Exophiala tún wà, dúdú ni òun fúnra rẹ̀, ibi tó bá ti lómi ló sì ń wá. Àmọ́ fọ́tò tí ẹ fi ránṣẹ́ kò lè sọ èyí tó jẹ́. Ẹ gbé omi náà lọ sí láàbù, kí ẹ sì sọ fún wọn pé kí wọ́n yẹ fọ́ńgọ́ọ̀sì wò lọ́tọ̀. Bí ẹ kò bá sọ, bakitéríà nìkan ni wọ́n máa kà, torí 500 tí CDC, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ìdènà àrùn, kọ sílẹ̀ ní 2003 pé kò gbọdọ̀ jù nínú mílílítà omi kan, ti bakitéríà ni.

Ẹ tún ní kò sóhun tó le níbẹ̀, àwọn aláìsàn kúkú ń tu omi náà dànù. Dókítà, èyí tó ń fọ́n bí ìrì ńkọ́? Wọ́n ń fà á símú, ẹ̀yin náà ń fà á. Ní Anaheim, ní California, lọ́dún 2016, ọ̀pọ̀ ọmọdé tí wọ́n tọ́jú inú eyín wọn ló dèrò ọsibítù nítorí omi inú irú rọ́bà yìí. Bakitéríà ló ṣe tiwọn, inú eyín tí wọ́n gbẹ́ ló sì gbà wọlé, ṣùgbọ́n inú irú rọ́bà kan náà ló ti jáde. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú jẹjẹrẹ kò lè fara gba fọ́ńgọ́ọ̀sì bíi tèmi tàbí tiyín.

Hóró mẹ́ta tí ẹ ń jù sí i lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá a dúró. Ó lè jẹ irin inú hándípíìsì. Ògùn olómi tó le ni wọ́n kọ́kọ́ ń fà sínú rọ́bà, kó dúró síbẹ̀ tó àkókò tí wọ́n kọ sára rẹ̀, kí ẹ tó fi omi ṣàn án dànù. Lẹ́yìn ìyẹn ni hóró kàn. Ìlànà yìí wà nínú ìwé tó wà nínú páálí, ojú ìwé àkọ́kọ́. Fún àga tòkunbọ̀, bó bá jẹ́ tèmi, màá kúkú pààrọ̀ gbogbo rọ́bà náà. Kò pọn dandan kẹ́ ẹ rà á lọ́wọ́ wa. Kí omi máa ṣàn fún ìṣẹ́jú àáyá 20 sí 30 láàárín aláìsàn kan sí èkejì dáa, ṣùgbọ́n kò ká ohun tó ti lẹ̀. Bí ẹ bá sì fẹ́ gé egungun láti yọ eyín, ẹ má fi omi àga ṣe é rárá, omi iyọ̀ inú àpò dírípù ni kẹ́ ẹ lò.

Ní ti owó: páálí tí ẹ kò tíì ṣí, ẹ gbé e wá, a ó san owó rẹ̀ padà. Èyí tí ẹ ti ṣí, a ò ní gbà á. Bí ẹ bá fẹ́ kí ọmọ iṣẹ́ wa wá fọ rọ́bà náà, ọjọ́ tí ẹ kì í gba aláìsàn ni kẹ́ ẹ mú. Nọ́ńbà wa wà lára páálí. Ẹ sọ fẹ́ni tó bá gbé ìpè yín pé tòkunbọ̀ ni àga náà, kó lè gbé rọ́bà tuntun dání.