Ìbejì orí kọ̀ǹpútà fún aláìsàn ICU: ara ta ni wọ́n fi mọ ọ́n?

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ ìbejì orí kọ̀ǹpútà fún àwọn tó wà ní ICU, ìyẹn ibi tí ilé ìwòsàn ti ń tọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, tọkàntọkàn sì ni. Ṣùgbọ́n kí ilé ìwòsàn kankan tó sanwó rẹ̀, ìbéèrè kan wà tí mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ bi ẹni tó ń tà á: ara ta ni ẹ fi mọ ìbejì yìí?

Fún ẹni tí kò tíì gbọ́ nípa rẹ̀, ìṣirò ni wọ́n fi ń gbé bí ara aláìsàn kan ṣe ń ṣiṣẹ́ sínú kọ̀ǹpútà: ọkàn rẹ̀, ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kíndìnrín rẹ̀. Bí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ ẹni tó wà lórí ibùsùn bá ṣe ń lọ sókè sódò, bẹ́ẹ̀ ni ti ìbejì rẹ̀ náà ń yí padà. Dókítà á wá lè bi í pé: bí mo bá fi omi kún omi tó ń wọ ara rẹ̀ ńkọ́? Bí mo bá dín agbára ẹ̀rọ tó ń bá a mí kù ńkọ́? Á rí ohun tó ṣeé ṣe kó ṣẹlẹ̀ kó tó fọwọ́ kan aláìsàn rárá. Ní ilé ìwòsàn Mayo Clinic ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti kọ irú rẹ̀ fún wákàtí 24 àkọ́kọ́ tí àìsàn sepsis bá kọlu èèyàn, ìyẹn nígbà tí ara bá ń bá kòkòrò àrùn jà débi tó fi ń ṣe ara rẹ̀ léṣe.

Ọ̀rọ̀ ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ló jẹ́ kí n gbà pé ICU nílò nǹkan yìí. Ní 2001, dókítà Greet Van den Berghe àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Leuven, ní Bẹ́ljíọ̀m, fi ínsúlìn tẹ ṣúgà àwọn aláìsàn ICU tó ṣe iṣẹ́ abẹ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ikú dín kù láti ìpín 8 sí ìpín 4.6 nínú ọgọ́rùn-ún. Ta ni kò ní tẹ̀ lé irú ìròyìn bẹ́ẹ̀? Ọ̀pọ̀ ICU káàkiri ayé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Nígbà tó di 2009, ìwádìí NICE-SUGAR, tí aláìsàn inú rẹ̀ lé ní 6,000, gbé èsì mìíràn jáde: àwọn tí wọ́n tẹ ṣúgà wọn mọ́lẹ̀ gan-an ló kú jù, ìpín 27.5 nínú ọgọ́rùn-ún, nígbà tí ti àwọn yòókù jẹ́ 24.9. Èrò tèmi ni pé a mú òfin tó bá ara àwọn kan mu, a sì gbé e lé gbogbo ara lórí. Ínsúlìn tí ara kan gbà láàárọ̀ lè jẹ́ èyí tí yóò já ṣúgà rẹ̀ bọ́ lálẹ́ ọjọ́ kan náà.

Ohun tí onímọ̀ ẹ̀rọ Geoffrey Chase àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní Christchurch, ní New Zealand, ṣe sí i wù mí gan-an. Ètò wọn tó ń jẹ́ STAR kọ́kọ́ ń ṣírò bí ara aláìsàn yìí gan-an ṣe ń gbọ́ràn sí ínsúlìn lẹ́nu ní wákàtí yìí, á wo ibi tó ṣeé ṣe kó yí sí, kó tó dá ìwọ̀n oògùn lábàá. Ẹni kan ló ń wò, kì í ṣe ẹni tó jọ ọ́.

Ibi tí ẹ̀rù ti ń bà mí nìyí o. Ẹ rántí ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka, tó ń ka ọ́síjìn. Ní December 2020, Michael Sjoding àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Michigan fi hàn pé nígbà tí ẹ̀rọ yìí bá kà á sí 92 sí 96, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ gan-an máa ń fi hàn pé kò tó 88 lára ìpín 11.7 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn aláwọ̀ dúdú. Ti àwọn aláwọ̀ funfun kò ju 3.6 lọ. Irú ẹ̀rọ báyìí wà lára àwọn tó ń ròyìn fún ìbejì. Bí ìròyìn bá ti wọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, ìbejì á máa mí dáadáa nínú kọ̀ǹpútà, ẹni tó ni ín á sì máa wá èémí lórí ibùsùn. Èyí tó burú jù ni pé lójú dókítà, ẹlẹ́rìí méjì ló fẹnu kò, ẹ̀rọ ìka àti ìbejì, bẹ́ẹ̀ orísun kan ṣoṣo ni àwọn méjèèjì ti gbọ́ ọ. Nọ́ọ̀sì tó rí i pé òógùn ń bo aláìsàn ló máa wá dà bí ẹni tó ń ṣàṣejù.

Nítorí náà, kí ẹni tó ń ta ìbejì kọ ọ́ sílẹ̀ kedere irú àwọn èèyàn tí ó fi kọ́ ọ: àgbà, ọmọdé, aláboyún, dúdú, funfun. Kí ìbejì máa fi ìwọ̀n iyèméjì rẹ̀ hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo àsọtẹ́lẹ̀. Kó tó di pé ẹnikẹ́ni tẹ̀ lé e, kí wọ́n jẹ́ kó máa sọ tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀ fún oṣù mélòó kan ní ilé ìwòsàn yẹn gan-an, kí wọ́n máa fi ohun tó sọ wé ohun tó ṣẹlẹ̀ lára àwọn aláìsàn ibẹ̀. Bí ẹni tó ń tà á bá kọ̀ èyí, kí ó gbé ọjà rẹ̀ padà.