Timeout kan ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀

Ìṣẹ́jú àáyá 32 ló kù lórí aago. Ọmọ mi ọkùnrin, ọmọ ọdún 12, ti fò dìde, ó ti lọ dúró síwájú tẹlifíṣọ̀n débi pé àwa tó kù ò rí nǹkan kan dáadáa mọ́. "Timeout! Ẹ pe timeout!" Ìyá rẹ̀ ní kó jókòó, kò gbọ́. Ẹ̀gbọ́n mi tó wá bá wa jẹ ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù àti tòlótòló lọ́jọ́ náà, tí kì í sọ̀rọ̀ tí eré bá ń lọ, òun náà ti gbé abọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Aago ń lọ. 25. 20. 15. Àwọn ọmọ Bears, ikọ̀ bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ti Chicago, ń rìn sókè rìn sódò lórí pápá bí ẹni tó sọ kọ́kọ́rọ́ ilé nù. Nígbà tí bọ́ọ̀lù máa fi kúrò nílẹ̀, ó ku ìṣẹ́jú àáyá 6. Caleb Williams, quarterback wa, ìyẹn ẹni tó ń ju bọ́ọ̀lù, jù ú lọ ọ̀nà jíjìn sí Rome Odunze. Ọwọ́ ò tẹ̀ ẹ́. Aago ti tán. Detroit 23, Chicago 20.

Ọjọ́ Thanksgiving ni, ọjọ́ 28 oṣù kọkànlá ọdún 2024, ní Ford Field nílùú Detroit. Chicago níbí ni mò ń gbé, Bears sì ni ikọ̀ mi láti ọdún tí mo ti débí. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò lọ́kàn mi.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kì í wo bọ́ọ̀lù ti Amẹ́ríkà: ní ìdajì eré kọ̀ọ̀kan, ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní àǹfààní mẹ́ta láti dá aago dúró. Òun ni timeout. Tí ẹ ò bá lò ó tí eré fi parí, ẹ ò lè gbé e lọ sọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀kan ṣì kù lọ́wọ́ Bears. Bí wọ́n bá dá aago dúró, wọ́n á jókòó ro ọ̀rọ̀ náà, wọ́n á sún bọ́ọ̀lù síwájú díẹ̀ sí i, kí Cairo Santos, ẹni tó ń fi ẹsẹ̀ gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wa, lè gbìyànjú láti gbá a wọlé kí eré di ọ̀mì. Ọmọ ọdún 12 rí i láti ọ̀dọ̀ wa nílé. Matt Eberflus, akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà, dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá, timeout wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì jẹ́ kó bá aago lọ.

Caleb Williams, ọdún rẹ̀ àkọ́kọ́ nínú NFL, ìdíje àgbà bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà, nìyẹn. Òun ni wọ́n kọ́kọ́ mú nínú gbogbo ọmọ tó jáde láti yunifásítì lọ́dún náà. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ṣubú ni, ariwo gba gbogbo pápá, aago ń sá, ọmọ tuntun ni. Yorùbá ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Mi ò rí ibi tí òwe yẹn ti bọ́ sí i rí tó ọjọ́ yẹn.

Síbẹ̀, kì í ṣe àṣìṣe náà ló dùn mí jù. Ta ni kì í ṣe àṣìṣe? Ohun tí Eberflus sọ lẹ́yìn eré ló wọ̀ mí lára. Ó jókòó síwájú àwọn oníròyìn, ó ní lójú òun, bó ṣe yẹ kí àwọn ṣe é ni àwọn ṣe é, pé ètò àwọn ni kí wọ́n tètè tún gbá bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀kan sí i, kí àwọn tó wá lo timeout. Mo tún tẹ́tí sí i, mo rò pé mi ò gbọ́ dáadáa ni.

Lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ẹtì, wọ́n jẹ́ kó tún bá àwọn oníròyìn sọ̀rọ̀ láàárọ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Wákàtí díẹ̀ lẹ́yìn náà, wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láti ọdún 1920 tí ikọ̀ náà ti wà, wọn ò lé akọ́nimọ̀ọ́gbá àgbà kankan ní àárín sáà rí. Inú ọ̀pọ̀ èèyàn dùn nílùú yìí. Àwọn kan pè mí, wọ́n ní ṣé mo ti rí i pé ó ti jíhìn iṣẹ́ rẹ̀ báyìí. Mo ní rárá, wọ́n lé e ni, kò jíhìn. Ọ̀tọ̀ ni kí wọ́n lé èèyàn, ọ̀tọ̀ ni kí èèyàn jíhìn. Àwọn ọ̀gá tó jẹ́ kí ọkùnrin náà jókòó sójú kámẹ́rà láàárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa lé e, ohun tí wọ́n ṣe yẹn ò dáa, bí mo ṣe ń bínú sí i tó.

Ẹni tó bá wo eré ọjọ́ Thanksgiving nìkan á rò pé nítorí timeout kan ṣoṣo ni. Ẹni tó bá ti bá sáà náà bọ̀ láti oṣù kẹsàn-án mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ kọ́, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí mo fi máa ń bẹ àwọn ọ̀rẹ́ mi pé kí wọ́n má fi fídíò kékeré orí fóònù ṣèdájọ́ kóòṣì. Eré 17 ni ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ń gbá láàárín ọ̀sẹ̀ 18. Ẹ máa wò ó lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ máa gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ lẹ́yìn rẹ̀. Ìwà èèyàn á hàn.

Bears ti borí eré mẹ́rin nínú mẹ́fà nígbà tí wọ́n lọ sí Washington lọ́jọ́ 27 oṣù kẹwàá. Àwa là ń borí, 15 sí 12, ó ku ìgbà kan ṣoṣo tí bọ́ọ̀lù máa kúrò nílẹ̀. Jayden Daniels, quarterback Washington, jù ú sókè réré. Nígbà tí bọ́ọ̀lù bẹ̀rẹ̀, Tyrique Stevenson, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún wa, kọjú sí àwọn èrò ìwòran, ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Ó wá sáré dé, ọwọ́ rẹ̀ kan bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù ta sẹ́yìn, Noah Brown ti Washington sì gbà á. 18 sí 15, ó tán.

Stevenson jáde sí gbangba, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìlú Chicago àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní ọkàn òun ò sí níbi iṣẹ́. Ọ̀dọ́mọkùnrin. Ṣùgbọ́n kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, Bears ti fún Washington ní yáàdì 13 lọ́fẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlà, ìyẹn ló sì sún Daniels débi tí ó ti lè jù ú dé òpin pápá. Nígbà tí wọ́n bi Eberflus, ó ní yáàdì yẹn ò fi bẹ́ẹ̀ já mọ́ nǹkan kan. Ọmọ gba tiẹ̀, àgbà ò gba tiẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi ti fò.

Wọ́n tún pàdánù méjì. Lọ́jọ́ 12 oṣù kọkànlá, wọ́n lé Shane Waldron tó ń darí àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù síwájú. Ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, Green Bay wá sílé wa. 20 sí 19 ni wọ́n fi ń borí, bọ́ọ̀lù wà lọ́wọ́ wa, àkókò wà, timeout wà, a lè sún mọ́ ọn sí i. A ò sún. Wọ́n jẹ́ kí aago yọ́ títí ó fi ku ìṣẹ́jú àáyá 3, Santos gbá a láti yáàdì 46, ọwọ́ kan dí i lójú ọ̀nà. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, Minnesota tún nà wá. Lẹ́yìn náà ni Detroit. Ṣé ẹ rí i pé àìsàn kan náà ni? Ẹni tó sọ ní Washington pé kò sí nǹkan tó bàjẹ́, kí ló fẹ́ tún ṣe kó tó dé Detroit?

Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi. Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, mo gbàgbé láti tẹ bíréèkì àga onítáyà màmá kan. Bí màmá ṣe fẹ́ dìde, àga yọ̀ sẹ́yìn, wọ́n jókòó sílẹ̀ gbì. Mo dúpẹ́ pé wọn ò ṣèṣe. Àwa méjì péré la wà níbẹ̀. Màmá fúnra wọn ní, "Má dààmú, èmi ni mi ò di àga mú dáadáa." Ẹ ò mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe dùn tó létí ẹni tí ẹ̀rù ń bà. Mo gbé fọ́ọ̀mù, ọwọ́ mi ń gbọ̀n, mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni mi ò tẹ bíréèkì. Ọ̀gá mi kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ohun kan ṣoṣo tó bi mí ni pé kí ni màá máa ṣe tí kò fi ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ní tí mo bá ti fi ẹsẹ̀ tẹ bíréèkì tán, màá tún fi ọwọ́ fa àga náà lẹ́ẹ̀kan kí n tó jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Títí dòní olónìí, bẹ́ẹ̀ ni mò ń ṣe. Tí mo bá kọ ọ́ pé àga ló bàjẹ́ ńkọ́? Wọ́n á ra àga tuntun, màmá míì á tún ṣubú.

Mi ò sọ pé kí gbogbo kóòṣì máa sunkún níwájú kámẹ́rà. Ẹ wo Dan Campbell, akọ́nimọ̀ọ́gbá Detroit. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, eré kan ṣoṣo ló kù kí ikọ̀ rẹ̀ dé Super Bowl, àṣekágbá NFL. 24 sí 7 ni wọ́n fi ń na San Francisco ní ìdajì eré. Lẹ́yìn ìsinmi, ẹ̀ẹ̀mejì ló lè gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún àmì mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló kọ̀, ó ní kí wọ́n máa lọ síwájú, ẹ̀ẹ̀mejèèjì ló sì já sí asán. 34 sí 31 ni wọ́n fi pàdánù. Ó ní òun ò kábàámọ̀ ìpinnu òun, pé òun mọ̀ pé wọ́n á bú òun, iṣẹ́ òun nìyẹn. Kò tọrọ àforíjì. Ṣùgbọ́n "èmi" ló wà lẹ́nu rẹ̀. Gbogbo sáà ló ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ mọ ìdí tó fi ń ṣe é, kò sì wá ẹnì kankan tó máa gbé e lé lórí. Sáà tó tẹ̀ lé e, wọ́n borí eré 15 nínú 17. Èmi lè ta kò ìpinnu Campbell láàárọ̀ títí di alẹ́, mi ò ní sọ pé kò jíhìn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti le jù ni ọ̀dọ̀ àwọn tó ni ikọ̀. Wọ́n a máa fi akọ́nimọ̀ọ́gbá ṣe ètùtù. Houston, níbi tí àwọn èèyàn wa pọ̀ sí bí èèrùn, lé David Culley lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo, 2021. Wọ́n mú Lovie Smith, wọ́n tún lé e lẹ́yìn sáà kan ṣoṣo, 2022. Aláwọ̀ dúdú làwọn méjèèjì, ikọ̀ tó ti bàjẹ́ kí wọ́n tó dé ni wọ́n sì gbé lé wọn lọ́wọ́. Àwa ará Chicago mọ Lovie. Ó gbé wa dé Super Bowl ní ọdún 2007, wọ́n sì lé e kúrò níbí lẹ́yìn sáà 2012 tó ti borí eré 10 nínú 16. Ní eré rẹ̀ tó kẹ́yìn ní Houston, tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń fẹ́ kó pàdánù kí ikọ̀ náà lè kọ́kọ́ mú ọmọ tuntun, torí ikọ̀ tó pàdánù jù ló máa ń kọ́kọ́ mú, ó gbá bọ́ọ̀lù láti borí, ó sì borí, 32 sí 31. Ipò àkọ́kọ́ bọ́ sọ́wọ́ Bears. Bears pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú Carolina, nínú pàṣípààrọ̀ yẹn ni ipò tí wọ́n fi mú Caleb Williams ti wá. Ọkùnrin tí a lé ló bá wa ṣí ọ̀nà tí quarterback wa gbà wọlé. Mi ò gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tí Houston wá fún DeMeco Ryans láyè ní 2023, ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀. Lọ́jọ́ 5 oṣù kọkànlá ọdún náà, ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù wọlé fún wọn fara pa. Dare Ogunbowale, ọmọ Yorùbá, tí iṣẹ́ tirẹ̀ jẹ́ kó máa gbé bọ́ọ̀lù sáré, ni wọ́n ní kó bọ́ síwájú. Yáàdì 29. Ó gbá a wọlé. Wọ́n na Tampa Bay 39 sí 37. Èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jó nínú pálọ̀ lọ́jọ́ yẹn, Houston kì í sì í ṣe ikọ̀ wa.

Àwọn tó lé Culley àti Lovie ńkọ́? Ta ló bi wọ́n pé kí ló dé tí ẹ mú ẹni tí ẹ ò ní fún láyè? Kò sí ẹni tó ń lé ẹni tó ni ikọ̀. Bears náà, àwọn tó yan Eberflus ní 2022, tó jẹ́ pé nínú eré 46 tó darí, 14 péré ló borí, mo fẹ́ gbọ́ "àwa la yàn án, àwa la ṣì í yàn" lẹ́nu wọn. Àwa tó ń ra tíkẹ́ẹ̀tì, tó ń ra aṣọ ikọ̀ fún ọmọ, ọ̀rọ̀ yẹn tọ́ sí wa.

Ben Johnson ni wọ́n mú ní oṣù kìíní 2025, láti Detroit kan náà. Ní eré rẹ̀ kejì, ó padà lọ sí Ford Field, wọ́n nà wá 52 sí 21. Mi ò pa tẹlifíṣọ̀n. Mo jókòó dúró de ìgbà tó máa bọ́ síwájú àwọn oníròyìn, nítorí pé fún èmi, apá yẹn wà lára eré. Ọmọ mi sún mọ́ mi lórí àga, ó gbé ohùn tẹlifíṣọ̀n sókè, ó ní, "Dádì, ẹ jẹ́ ká gbọ́ bóyá ó máa sọ pé òun ni."