Ìrókò Àwọn Òyìnbó

Bí ọ̀gá yín níbi iṣẹ́ nílùú ọba níbí bá ní ẹ wá ká lọ wo kíríkẹ́ẹ̀tì lábúlé, ẹ yáa jẹ ẹ̀bà kí ẹ tó jáde. Ọ̀sán ni wọ́n ń bẹ̀rẹ̀, ìrọ̀lẹ́ pátápátá ni wọ́n ń parí, búrẹ́dì tí wọ́n ki kùkúḿbà sí nínú ni wọ́n sì fi ń ṣàlejò. Kùkúḿbà! Ẹran dà?

Ẹ jẹ́ ká fi ti oúnjẹ sílẹ̀. Pápá wọn gan-an ló ń pa mí lẹ́rìn-ín. Àwọn tó jẹ́ pé bí táyà mọ́tò ẹ bá tẹ ìlà lásán, owó ìtanràn ti dé, pápá tó bá rí gbágungbàgun jù lọ ni wọ́n fẹ́ràn. Ti Sheepscombe ní Gloucestershire, ẹ̀gbẹ́ òkè ló wà. Ẹni tó fẹ́ ju bọ́ọ̀lù á sáré bọ̀ láti ìsàlẹ̀: fìlà lẹ ó kọ́kọ́ rí, lẹ́yìn náà irùngbọ̀n, lẹ́yìn náà ikùn, àfi gbàù! Ní Lynton, ní Devon, ewúrẹ́ tí kò lólówó ló ń rìn káàkiri láàárín àwọn àpáta ẹ̀gbẹ́ pápá, kò sì sẹ́ni tó ronú kan àsun. Ṣé ará Oǹdó kankan ò tíì débẹ̀ ni?

Èyí tó wá yà mí lẹ́nu ni Bramble Bank. Yanrìn ni, inú omi ló wà, láàárín Southampton àti Isle of Wight. Bí omi bá fà lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, ẹgbẹ́ ọlọ́kọ̀ ojú omi méjì á sáré débẹ̀ lọ gbá kíríkẹ́ẹ̀tì kí omi tó padà dé. Ta ló borí? Wọ́n ti mọ̀ látilé! Bí àwọn tibí bá gbà á lọ́dún yìí, àwọn tọ̀hún ló kàn lọ́dún tó ń bọ̀. “Èmi ló kàn” táyé fi ń bú wa rèé o, wọ́n fi ń ṣeré.

Canterbury kì í ṣe abúlé, ṣùgbọ́n mi ò lè fi tibẹ̀ sílẹ̀. Igi ńlá kan dúró sínú pápá wọn. Inú pápá ni mo wí, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ ẹ̀. Wọn ò gé e. Òfin ni wọ́n ṣe fún un: bọ́ọ̀lù tó bá bà á, àmì mẹ́rin ni fún ẹni tó gbá a. Lóṣù January 2005 ni afẹ́fẹ́ wó o. Igi wàjà, wọ́n fi òmíràn jọba.

Ní Canterbury yìí náà ni wọ́n ti fi Àjàyí Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní 1864. Igi yẹn ti wà nínú pápá nígbà náà! Ká má bọ igi, ká má bọ òkúta, ibẹ̀ ni olórí àwọn tó ń wàásù ẹ̀ fún wa fìdí kalẹ̀ sí.

Mo bi ọ̀gá mi pé kí ló dé tí wọn ò gé igi yìí látọjọ́ yìí. Ó ní àṣà ni, pé ó lè má yé mi. Kó má yé ta ni? Epo pupa nìkan ló kù kí wọ́n ta sídìí ẹ̀.