Èsì wa sí ẹ̀gbọ́n wa ará Ìsánlú tó fún wa ní ìràwọ̀ 2 nínú 5

Ọ̀kun o, ẹ̀gbọ́n mi.

Mo rí ohun tí ẹ kọ sábẹ́ orúkọ ilé ìtajà wa. Àwọn tó kà á ṣáájú mi kò sì jẹ́ kí n sinmi, wọ́n ń fi í ránṣẹ́ sí mi láti àárọ̀ bí ẹni pé mi ò lójú. Ẹ ní BMW X5 ọdún 2011 tí ẹ rà lọ́wọ́ wa ní Kábbà máa ń fà bí ẹni tí wọ́n dè lẹ́sẹ̀ tí ẹ bá ń yí i sọ́tùn-ún tàbí sósì. Ẹ ní a pè é ní ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rìn, síbẹ̀ ó rì sẹ́rẹ̀ lọ́nà oko kajú yín. Ẹ ní a yọ táyà ìpamọ́ rẹ̀ tà. Ẹ ní a ní ọkọ̀ Jámánì ni, Amẹ́ríkà ni wọ́n sì kọ sí i lára. Ẹ wá fi kún un pé ọjọ́ mẹ́sàn-án lẹ fi ń pè mí tí mi ò gbé fóònù.

Ẹ jẹ́ kí n ti orí fóònù bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni ẹ̀bi mi pọ̀ sí. Àpápá ni mo wà, mò ń lé ọkọ̀ mẹ́ta tí kò tíì jáde, gbogbo ẹni tó bá pè ni mò ń rò pé owó ló fẹ́ bi mí. Ìyẹn kì í ṣe àwíjàre. Ẹni tó kó irú owó yẹn fúnni, a kì í jẹ́ kó pè wá títí kó sú u. Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n. Mo ti fi nọ́mbà ọmọ iṣẹ́ mi tí kì í kúrò ní ṣọ́ọ̀bù ránṣẹ́ sí yín.

Àmọ́ ọkọ̀ yẹn kò bàjẹ́.

Lọ́jọ́ Sátidé tí mo wá, ẹ rí i pé mo wà á yípo lẹ́ẹ̀mẹta lórí ìńtálọ́ọ̀kì iwájú ilé yín. Díẹ̀díẹ̀ ni mo ń wà á, síbẹ̀ ó ń ta gìrì gìrì bí ewúrẹ́ tí wọ́n ń fi okùn fà lọ sọ́jà. Iná pupa rúsúrúsú tó ní àmì 4x4 sì tàn níwájú mi. Mẹkáníìkì yín ti ní gíà ti lọ, pé kí ẹ lọ wá owó òmíràn. Ká sòótọ́, èmi náà ti ń gbà á gbọ́ kí n tó sọ̀ kalẹ̀ wo ẹsẹ̀ ọkọ̀.

Táyà iwájú méjèèjì, tuntun ni wọ́n, irun rọ́bà wẹ́wẹ́ tó wà lára wọn kò tíì gé tán. Mo ka ẹ̀gbẹ́ wọn: 255/60R18 (60 àárín yẹn ló ń sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ṣe ga tó). Mo lọ sẹ́yìn: 255/55R18, ojú wọn sì ti jẹ. Mo bi yín, ẹ ní fọ́kánáísà ló ní ìkan náà ni wọ́n, pé èyí kàn ga díẹ̀ ni, pé yóò tilẹ̀ bá yín gbé imú ọkọ̀ sókè lórí kòtò. Mo bá tọrọ okùn tí Màmá fi ń sá aṣọ. A fi jáàkì gbé iwájú, mo yí okùn náà po táyà lẹ́ẹ̀kan, mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí i. A gbé ẹ̀yìn, mo tún ṣe bẹ́ẹ̀. Nígbà tí mo na okùn sílẹ̀, àlàfo tó wà láàárín àmì méjèèjì ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ fi ọwọ́ lé e, tí ẹ dákẹ́. Ó yà mí lẹ́nu pé ìràwọ̀ 2 náà ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ ṣì lẹ́tọ̀ọ́, torí mi ò tíì ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Ilẹ̀ ti ṣú, iyán sì ti dé.

Àlàyé náà nìyí. Àpótí irin kan wà lẹ́yìn gíà X5 tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní táńsífà. Òun ló ń pín agbára ẹ́ńjìnnì. Bí ọ̀nà bá dára, nǹkan bí ìdá 40 nínú 100 ló ń lọ síwájú, 60 sẹ́yìn. Àwọn irin pẹlẹbẹ ló tò léra wọn nínú rẹ̀ bí abọ́ tánganran. Kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ló ń fún wọn pọ̀, òun náà ló ń tú wọn sílẹ̀. Ohun tó sì ń wò kó tó ṣe é ni bí ẹsẹ̀ kọ̀ọ̀kan ṣe ń yára yí. Bó bá rí i pé tẹ̀yìn ń yí ju tiwájú lọ, ó gbà pé ẹ̀yìn ń yọ̀ nìyẹn, ó máa fún àwọn irin yẹn pọ̀ kí agbára lè lọ síwájú. Tiyín kò yọ̀ rárá. Táyà ẹ̀yìn ló kéré, àfi kó máa yí ju ti iwájú lọ kí wọ́n tó lè jọ rìn.

Mo jókòó ṣírò rẹ̀. Nínú kìlómítà kan ṣoṣo, táyà ẹ̀yìn yóò yí ju ti iwájú lọ ní nǹkan bí ìgbà 20. Ọ̀nà kọnkéré Kábbà sí Ọ̀báàjáná tí ẹ ń gbà lọ sí Lọ́kọ́ja, kìlómítà 43 ni. Kí ẹ tó dé ibi tí àwọn tírélà sìmẹ́ǹtì tò sí, ó ti lé ní ìgbà 800, àwọn irin pẹlẹbẹ yẹn ló sì ń ru gbogbo ìyàtọ̀ náà. Wọ́n á máa ha ara wọn, wọ́n á gbóná, òróró tó wà níbẹ̀ á sì jó dúdú. Ẹ tún sọ nǹkan kan tí ẹ ò mọ̀ pé ó ràn mí lọ́wọ́: ẹ ní lọ́nà oko kì í fà bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó rí. Lórí eruku, táyà á rí àyè yọ̀ díẹ̀, ìjà náà á rọ̀. Kọnkéré àti ọ̀dà kì í gbà fún un.

Nítorí náà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ra gíà kankan.

Ti ẹrẹ̀ ńkọ́? Èmi ni mo fà á. Lọ́jọ́ tí ẹ sanwó, mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, kò síbi tí èyí ò lè dé.” Ẹnu ọlọ́jà ni, mo sọ àsọdùn. Ìsàlẹ̀ X5 fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 22 ga sílẹ̀, kò ní gíà kékeré tí wọ́n ń fi wọ́ inú ọ̀fìn, táyà ọ̀dà ló sì wọ̀. Bí ẹrẹ̀ bá ti dí ojú táyà, ó di ọṣẹ nìyẹn: mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yí, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á máa yọ̀. Ẹ gbé píkọ́ọ̀pù àtijọ́ tó wà lẹ́yìnkùlé yín lọ sóko, ẹ fi X5 sílẹ̀ fún ọ̀nà. Ohun mìíràn tí mi ò sọ nígbà náà: ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á bá yín gbéra nínú òjò, kò ní bá yín dúró. Ọkọ̀ yẹn wúwo ju tọ́ọ̀nù méjì lọ, bíréèkì rẹ̀ kò sì sàn ju ti ọkọ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ méjì péré fà lọ lórí omi. Mo mọ bí ẹ ṣe máa ń sáré lọ́nà Mọ́pà.

A kò yọ táyà ìpamọ́ kankan. Kò ní in wá. Ẹ̀gbẹ́ táyà tí wọ́n ṣe fún un le débi pé bí afẹ́fẹ́ bá tán nínú rẹ̀, ẹ ṣì lè rin nǹkan bíi kìlómítà 80 kí ẹ tó rí fọ́kánáísà, bí ẹ kò bá ti sáré ju 80 lọ ní wákàtí kan. Ẹ wo méjì tó wà lẹ́yìn, ẹ ó rí RSC lára wọn. Àmì rẹ̀ nìyẹn. Èyí tí ẹ rà síwájú kì í ṣe irú rẹ̀. Bí ọ̀kan bá bẹ́ lóru, kò sí ìpamọ́, kò sì sí ẹ̀gbẹ́ líle. Ó yẹ kí n ti sọ èyí kí ẹ tó gbé ọkọ̀ jáde.

Ní ti Amẹ́ríkà: ilé iṣẹ́ Jámánì ni BMW lóòótọ́, ṣùgbọ́n Spartanburg ní South Carolina ni wọ́n ti ń to X5 láti ọdún 1999. 5UX tí ẹ rí níbẹ̀rẹ̀ nọ́mbà ara ọkọ̀ ni ẹ̀rí pé ojúlówó ni. Èyí tí ẹ sì kọ pé ará Owé, ìyẹn àwa ará Kábbà, ti rẹ́ ará Yàgbà bíi tiyín jẹ, mo rẹ́rìn-ín sí i ni, torí Ẹ̀gbẹ̀ ní ilẹ̀ Yàgbà nilé ìyá tó bí ìyá mi.

Mi ò ní dá owó ọkọ̀ padà. Ṣùgbọ́n òróró táńsífà tuntun àti owó iṣẹ́ rẹ̀ wà lọ́rùn mi, àti ẹ̀rọ tí a ó fi ka kọ̀ǹpútà rẹ̀ láti rí i bóyá ooru ti ba ohunkóhun jẹ́ níbẹ̀. Bó bá ti bà á jẹ́, a jọ máa sọ ọ́ lójú yín, kì í ṣe lórí fóònù. Mo ti rí táyà mẹ́rin tó bára mu, 255/55R18, alámì RSC, lọ́wọ́ ẹnìkan ní Lọ́kọ́ja. Ìdajì owó rẹ̀ ni tiyín, ìdajì tèmi. Méjì tuntun yẹn, ẹ dá wọn padà fún ẹni tó tà wọ́n.

Ẹ má wà á wá sí Kábbà. Ẹ má sì jẹ́ kí ọkọ̀ tó ń wọ́ ọkọ̀ tó bàjẹ́ fa ẹsẹ̀ méjì rẹ̀ sókè, kí ó máa wọ́ méjì yòókù nílẹ̀. Táńsífà náà ni yóò jìyà rẹ̀. Èmi ni n ó gbé táyà àti òróró wá bá yín ní Ìsánlú ní Ọjọ́bọ̀, kí oòrùn tó mú. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé okùn aṣọ wọn ṣì wà nínú ọkọ̀ mi, mò ń mú un bọ̀.